Ilé-ìwé ọmọ mi fẹ́ gbé lẹ́sìnì ìrọ̀lẹ́ lọ sórí fóònù: ẹ̀yin òbí Abẹ́òkúta, kí lẹ rí sí i?

Ìyá Àdùnní, Ọbáńtokò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òbí. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS1. Ilé-ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa pé láti sáà tó ń bọ̀, lẹ́sìnì tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí kò ní wáyé nínú kíláàsì mọ́. Orí Zoom ni wọn yóò ti máa ṣe é, láti aago 5 ìrọ̀lẹ́, lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Owó lẹ́sìnì kò dín. Dátà di ti òbí, fóònù náà di ti òbí.

Ọjà Kútọ̀ ni mo máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé wa, ọwọ́ mi ló sì ń wà. Ọmọ náà gbọ́n, ṣùgbọ́n ìṣirò ń dà á láàmú, pàápàá ìdá. Ẹnì kan ládùúgbò wa ń ṣe lẹ́sìnì fáwọn ọmọ nínú ọgbà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú un lọ síbẹ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ní ayé ti kúrò níbẹ̀, pé orí ẹ̀rọ ni gbogbo ẹ̀kọ́ ń lọ báyìí. N kò fẹ́ kí ọmọ mi gbẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀, n kò sì fẹ́ sanwó fún ohun tí kò ní wọ̀ ọ́ lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, kí lojú yín rí?

Tísà Ìṣirò

Ẹ kú ìnáwó ọmọ, ma. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS. Mo ń kọ́ wọn nínú kíláàsì, mo sì ń kọ́ àwọn kan lórí fóònù.

Kíláàsì Zoom tí ọmọ pọ̀ nínú rẹ̀ kì í bá ìṣirò mu. Bí ọmọ bá ń ṣe ìdá níwájú mi, mo máa ń rìn gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, mo sì máa ń rí ibi tó ti ṣì í gan-an. Òmíràn á ro nọ́ńbà òkè pọ̀, á tún ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀, 1/2 àti 1/3 á wá di 2/5. Ìsìn-ín-yìí ni mo máa tọ́ ọ sọ́nà. Lórí Zoom, orúkọ nìkan ni mò ń rí. Bí mo bá bèèrè bóyá ó yé wọn, gbogbo wọn á ní ó yé àwọn. Ọmọ tí kò yé gan-an ni kì í sọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni fídíò kúkúrú, kókó kan ṣoṣo, kó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Mo máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọmọ á wò ó nígbà tí fóònù bá délé, á dá a dúró níbi tó bá fẹ́, á tún un wò. Lẹ́yìn náà á ṣe iṣẹ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, òbí á ya fọ́tò iṣẹ́ náà fún mi. Èmi á sàmì sórí fọ́tò, n ó sì fi ohùn ránṣẹ́ láti ṣàlàyé ibi tó ti ṣì í. Wàhálà ibẹ̀ ju ti Zoom lọ fún tísà, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kì í fẹ́ gba ọ̀nà yẹn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò máa yẹ iṣẹ́ ọmọ yín wò, àti pé ọmọ mélòó ni tísà kan yóò máa kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún bèèrè pé bí iná bá lọ nígbà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, níbo ni ọmọ á ti rí èyí tó kọjá rẹ̀. Bí wọn kò bá ní èsì gidi fún yín, ẹ mú ọmọ lọ sí ọgbà aládùúgbò yín.

Aládìírẹ Ìtòkú

Tísà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ fóònù yìí rárá. Fóònù tí wọ́n ní kí n gbé fún ọmọ yẹn ni ìsọ̀ mi. Orí rẹ̀ ni oníbàárà Èkó ti ń rí aṣọ kó tó fowó ránṣẹ́, orí rẹ̀ náà ni àlẹ́ẹ̀tì ń wọlé sí. Aago 5 yẹn gan-an làwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù máa ń ráyè pè mí. Ṣé kí n máa sọ fún wọn pé ọmọ mi wà ní kíláàsì lórí rẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fún ọmọ ní fóònù kó fi kàwé, fídíò ijó ni mo bá lójú rẹ̀ nígbà tí mo yọjú. Ọmọdé ni, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, nítorí ohun tó ń ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀ lórí nǹkan yẹn ju ìwé lọ. Ilé-ìwé ń gbowó lọ́wọ́ wa, wọ́n fẹ́ sọ ilé wa di kíláàsì, wọ́n fẹ́ sọ fóònù wa di pátákó ìkọ̀wé, owó wọn kò sì dín. Níbo ni tiwọn wá wà níbẹ̀?

Alàgbà Ìdí-Abà

Mo kí gbogbo yín. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà lọ sẹ́yìn díẹ̀, nítorí kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà láti fi ẹ̀rọ gbé olùkọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, ọmọ ya wọ ilé-ìwé, olùkọ́ kò sì kárí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, ara ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀ ni kí ẹ̀kọ́ lè dé ibi tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ètò rédíò àti ti tẹlifíṣọ̀n fún ilé-ìwé nígbà náà, inú kíláàsì làwọn ọmọ ti ń gbọ́ ọ. Bó bá ti parí, olùkọ́ á dìde, á bi wọ́n ní ìbéèrè, á sì tún èyí tí kò yé wọn sọ.

Ẹ wá wo 2020. Ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé, tó sì wá sí Ewékorò nítòsí wa níbí, ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí àrùn kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ilé-ìwé pa. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn gbé ètò ẹ̀kọ́ kan, OgunDigiClass, sórí OGTV, tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ wa, àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ ló sì ń kọ́ni níbẹ̀. Mo wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ẹ̀kọ́ náà dára. Bí mo bá jókòó tì wọ́n, tí mò ń bi wọ́n pé kí ló wí, wọ́n máa ń di nǹkan mú níbẹ̀. Bí mo bá dìde, àwọn náà dìde. Ní oṣù Kẹjọ tí WAEC wá bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tó yẹ kó ti wáyé tipẹ́, àwọn ọmọ tí àgbàlagbà jókòó tì nílé ni ọkàn wọn balẹ̀ ládùúgbò wa.

Ìyá Àdùnní, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ yín. Ẹ lè wá pinnu ti ẹ̀rọ lẹ́yìn náà.

Màmá Ayọ̀

Mo ka ọ̀rọ̀ Aládìírẹ, mo sì mọ bí ọjà ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti ilé mi.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ọmọ mi ọkùnrin ní. Bí òjò bá ti rọ̀ tí òtútù wọ ilé, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Nígbà mìíràn, ilé ìwòsàn ni a máa gbà lọ, a sì lè má tètè jáde. Tẹ́lẹ̀, bó bá padà dé kíláàsì, wọ́n á ti kọ́ ohun tuntun tán, wọ́n á ti ṣe ìdánwò lórí rẹ̀. Ọmọ á délé, á dojú dé bẹ́ẹ̀dì, á ní òun kò fẹ́ lọ síléèwé mọ́. Ọmọ tó fẹ́ràn ìwé ni o. Ó dùn mí ju àìsàn náà lọ.

Olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ ti báyìí, kí Ọlọ́run bù kún un, ló kọ́kọ́ ní kí n gba nọ́ńbà òun. Bí ọmọ kò bá wá síléèwé, á fi ohùn ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, á ya pátákó ìkọ̀wé ní fọ́tò. Nígbà tí ìrora bá rọlẹ̀, ọmọ á gbé fóònù mi, á gbọ́ ọ lórí ibùsùn. Ó tún máa ń wo fídíò sáyẹ́ǹsì lórí Khan Academy. Ẹ wo bí ìyẹn náà ṣe bẹ̀rẹ̀: ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Salman Khan, ń kọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀ tó wà ní ìlú mìíràn ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn ní 2004, títí tó fi di ohun tí gbogbo ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ mi kì í bèèrè ìbéèrè nínú kíláàsì, ojú máa ń tì í. Lórí ohùn, ó ń bèèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ilé-ìwé wa ṣe nìyí: kí gbogbo kíláàsì ní ọ̀nà tí ọmọ tó ń ṣàìsàn lè gbà rí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, kó má jẹ́ àánú olùkọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ bíi tèmi pọ̀ ní ìlú yìí. Ẹ má jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ wọn.

Aládìírẹ Ìtòkú

Màmá Ayọ̀, Ọlọ́run á dá a sí fún yín, á fi ṣe ayọ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Mo gbọ́ yín dáadáa. Ohun tí èmi ń bá jà ni kí ilé-ìwé sọ ọ́ di dandan fún ọmọ tí ara rẹ̀ dá, tó lè jókòó sí kíláàsì, kí wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ lé òbí lórí.

Bọ̀dá CBT, Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó àti ti iná.

Kíláàsì Zoom tó ní àwòrán lè jẹ dátà tó tó 1GB ní wákàtí kan. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ fún oṣù kan, ẹ fi kún owó lẹ́sìnì. Ohùn nìkan kì í jẹ tó 100MB ní wákàtí kan. Fídíò ìṣẹ́jú 10 tí wọ́n dín mọ́lẹ̀ láti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kéré gan-an sí méjèèjì, ó sì ń dúró sórí fóònù tí ọmọ lè tún un wò láìsan nǹkan kan mọ́. Ọ̀nà tí Tísà Ìṣirò ń gbà ló rọrùn jù fún àpò òbí.

Ẹ tún jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn ọmọ yìí kò lè sá fún kọ̀ǹpútà. Láti 2015 ni ìdánwò JAMB ti wà lórí kọ̀ǹpútà pátápátá. WAEC náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń dá ìdánwò ṣe ní 2024. Mo máa ń rí ọmọ tó mọ̀wé tó ń wá bọ́tìnnì lójú ẹ̀rọ nígbà tí aago ń lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyẹn máa ń dùn mí, torí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló gbà láti fi kọ́ ọ.

Ohun kan wà tí n kò tíì rí kí ilé-ìwé púpọ̀ níbí lò. Ètò orí kọ̀ǹpútà kan ni, Kolibri ni orúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ṣe é fún ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti sí tàbí tó ti wọ́n. Ẹ máa kó ẹ̀kọ́ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, títí kan ti Khan Academy. Kọ̀ǹpútà yẹn á wà nínú ọgbà ilé-ìwé, fóònù tàbí táblẹ́ẹ̀tì tó bá wà nítòsí á so mọ́ ọn nípasẹ̀ Wi-Fi, kò sí dátà kankan níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013 pẹ̀lú èrò tó jọ ọ́: ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ti wà nínú táblẹ́ẹ̀tì náà kí ọmọ tó gbà á.

Ìyá Kékeré

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn kan ń polówó kíláàsì orí fóònù fọ́mọ ọdún 3 lágbègbè wa. Ṣé kí n forúkọ tèmi sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àṣẹ́rò

Ìyá Kékeré, ẹ má ṣe é. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí kan lójúmọ́ níwájú ojú ẹ̀rọ, bó bá sì kéré sí i ló dára jù. Ọmọ ọdún 3 nílò eré, orin, àlọ́ àti ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ẹ fi owó yẹn ra ìwé aláwòrán.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Lọ́ńdọ̀nù

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ibí, mo sì fẹ́ fi tiwa kún un. Abẹ́òkúta ni olùkọ́ Yorùbá àwọn ọmọ mi wà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n á kúnlẹ̀ kí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí pé kò ní dá wọn lóhùn bí wọn kò bá kí i dáadáa. Ọmọ mẹ́rin péré ló máa ń kọ́ papọ̀, ó sì ní kí òbí kan wà nítòsí. Ọjọ́ tí àkọ́bí mi kọ́kọ́ bá ìyá mi ní Aké sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó béèrè bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń ṣe é, ní Yorùbá, ìyá mi kò lè fèsì fún ìgbà díẹ̀. Ẹkún ló ń sun.

Owó tí a ń san fún olùkọ́ yẹn ń gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí ń ti òkè òkun wọlé wá bá yín nìkan. Abẹ́òkúta náà ní ohun tó lè fi kọ́ ọmọ aráyé.

Aládìírẹ Ìtòkú

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n bèèrè ohun tó ti wà lọ́kàn mi. Alàgbà ní kí á jókòó ti ọmọ. Mo fẹ́ jókòó. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo fídíò ìṣirò yìí, Gẹ̀ẹ́sì àwọn mìíràn sì ń gba imú jáde. N kò kàwé débẹ̀. Bí mo bá jókòó, bí odi ni mo ṣe máa jókòó síbẹ̀. Kí ló dé tí àwọn ará ìta ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ wọn, tí àwa tó wà nílé kò rí ìṣirò ní Yorùbá?

Alàgbà Ìdí-Abà

Ìbéèrè yín ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán an wò láti 1970, ní ilé-ìwé kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún 6 gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà tayọ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ ní ọdún 6 àkọ́kọ́. Ní 2025 wọ́n fagi lé e. Ó dùn mí gidigidi.

Ìlú wa yìí ni Henry Townsend ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá jáde ní 1859, kí àwọn ará Ẹ̀gbá lè mọ̀wé kà ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lónìí lè ṣe ohun tó nílò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbà yẹn. Àwọn olùkọ́ wa ni kó bẹ̀rẹ̀.

Tísà Ìṣirò

Alàgbà, mo gbọ́, sà. Ìyá wa Aládìírẹ, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbí. Ẹ ní aṣọ yáàdì 6. Oníbàárà kan ra ìdajì, ìyẹn yáàdì mélòó?

Aládìírẹ Ìtòkú

Yáàdì 3.

Tísà Ìṣirò

Ẹlòmíràn fẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta aṣọ yẹn, ìyẹn ni pé ká pín yáàdì 6 sọ́nà mẹ́ta, kó mú ọ̀kan. Yáàdì 2 ni tirẹ̀. Ẹ ti ta 3, ẹ tún ta 2, yáàdì 5 ti lọ nínú 6. Nítorí náà 1/2 pẹ̀lú 1/3 jẹ́ 5/6. Ìdí tí a fi lo 6 ni pé ó ṣeé pín sí méjì, ó sì ṣeé pín sí mẹ́ta láìṣẹ́kù. Bí ọmọ bá sọ fún yín pé 2/5 ni, ẹ bi í pé ṣé ohun tí a tà lè kéré sí ìdajì, nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ti ra ìdajì lọ.

Aládìírẹ Ìtòkú

Ó yé mi yékéyéké! Ẹ ṣe é sí fídíò, ẹ fi aṣọ gidi ṣe é, èmi á yá yín ní aṣọ. Irú èyí ni mo lè bá ọmọ mi jókòó wò lálẹ́ tí fóònù bá ti sinmi.

Ìyá Àdùnní, Ọbáńtokò

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo lọ sí ìpàdé òbí, mo sì bèèrè gbogbo ohun tí Tísà ní kí n bèèrè. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ dátà, ọ̀pọ̀ òbí tó wà níbẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Ọmọ tó ju 30 lọ ni wọ́n fẹ́ kó sórí Zoom kan. Ìyá tó ni ilé-ìwé náà fetí sí wa, kò sì bínú. Wọ́n ti gbà báyìí pé lẹ́sìnì á ṣì máa wáyé nínú kíláàsì fún ẹni tó bá fẹ́, wọ́n á sì máa gba ẹ̀kọ́ ìṣirò sílẹ̀ ní fídíò kékeré fún ọmọ tí kò bá lè wá. Mo sọ ti àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn, Màmá Ayọ̀. Wọ́n ní olùkọ́ kan yóò wà fún un.

Èmi yan kíláàsì. Àbúrò mi tó wà ní FUNAAB á máa wá jókòó tì í ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á jọ wo fídíò. Mo fi àlàyé aṣọ yẹn kọ́ Àdùnní lálẹ́ àná, ó ní kí n tún fi aṣọ mìíràn bi òun ní ìbéèrè.

Bọ̀dá CBT, mo dárúkọ Kolibri fún wọn. Wọ́n bèèrè irú kọ̀ǹpútà tó lè gbé e, àti bóyá ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ bá ti JSS1 wa mu.

Bọ̀dá CBT, Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ kú akitiyan, ma. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ tó bá ṣì dára lè gbé e. Kí wọ́n rí i pé àyè ìkó-nǹkan-pamọ́ rẹ̀ pọ̀, torí fídíò wúwo, kí wọ́n sì yan ìṣirò nìkan ní ìbẹ̀rẹ̀ dípò kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀. Ti Khan Academy kò tẹ̀ lé ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà lẹ́sẹẹsẹ, nítorí náà tísà ìṣirò wọn ni kó yan èyí tó bá iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan mu. Wọ́n tún lè kó fídíò tí àwọn fúnra wọn bá ṣe sínú rẹ̀, ti Yorùbá náà. Kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà wá sọ́dọ̀ mi ní Pánṣẹ́kẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta èyíkéyìí lẹ́yìn aago 2 ọ̀sán, n ó bá wọn fi sí i láìgba kọ́bọ̀.